Aago Mélòó Ló Lù Níbi Tí Ọkùnrin Yìí Wà?

Ìbéèrè kan há mi láyà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà máa ń kun ère ọmọ ogun ló bi mí. Ó gbé ère tí mo ń ṣe lọ́wọ́, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè wo abẹ́ rẹ̀, ó wá ní, "Iṣẹ́ yìí dáa o. Àmọ́ aago mélòó ló lù níbi tí ọkùnrin yìí wà?"

Ìbéèrè tí mo ti múra dè kọ́ nìyẹn. Ká ní ó bi mí pé ikọ̀ wo ni ọkùnrin náà wà, ó ti wà lẹ́nu mi: àwọn girenadíà Ẹ̀ṣọ́ Napoleon, ìyẹn àṣàyàn ọmọ ogun olú ọba Faransé. Ká ní ọdún ló bi mí, 1815 ni. Ojú ogun wo? Waterloo, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n aago? Mo fẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀ jàre. Ó gbé ère kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ò bá a lọ.

Bí mo bá mú búrọ́ọ̀ṣì, á yọjú. Bí mo bá ń wá oorun lóru, á tún yọjú. Nígbà tó yá ni mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọmọ ogun tó jí láàárọ̀ ọjọ́ náà kọ́ ló dúró nírọ̀lẹ́, bí aṣọ ọrùn rẹ̀ ò tilẹ̀ yí padà. Ebi ti pa á, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti gbọ́ ohun tí kò gbọ́ láàárọ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo ń ṣe?

Ọkùnrin inú páálí

Ère tó wà nínú páálí rẹwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ike ni, ìwọ̀n 54 mm, ìyẹn ni pé ènìyàn gidi fi nǹkan bí ìlọ́po 32 ga jù ú lọ. Fìlà gàgàrà onírun béárì wà lórí rẹ̀, ìyẹ́ pupa dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà náà, ìbòsẹ̀ funfun gùn kọjá orúnkún, ìbọn wà léjìká, ojú ń wo iwájú gbọnran. Bí wọ́n ṣe ń dúró nìyẹn lọ́jọ́ tí Napoleon bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, Napoleon sì mọ èyí dunjú: fìlà yẹn wà láti sọ ẹni tó ti ga tẹ́lẹ̀ di òmìrán lójú ọ̀tá.

Ṣùgbọ́n Waterloo kì í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò. Láti erékùṣù Elba, níbi tí wọ́n lé e lọ, ni Napoleon ti gúnlẹ̀ sí etíkun Faransé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ọdún 1815. Ọjọ́ 20 oṣù náà ló wọ Paris. Kó tó di àárín oṣù kẹfà, ó gbọ́dọ̀ ti kó ẹgbẹ́ ogun tó lè dojú kọ ọ̀pọ̀ ìjọba Yúróòpù jọ. Oṣù mẹ́ta ò pé. Níbo ni aṣọ, awọ àti bàtà tó máa kárí gbogbo wọn ti fẹ́ wá? Àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ló jẹ palaba ìyà rẹ̀: ẹnì kan á dé fìlà onírun, ẹnìkejì á dé shako, ìyẹn fìlà líle gíga tó ní bèbè níwájú, ẹnìkẹta á dé fìlà onígun méjì tó ti rí ọjọ́ tó dáa jùyẹn lọ. Àwọn tó tiẹ̀ ní aṣọ pípé gbé kóòtù òtútù búlúù wọ̀ lé e, wọ́n sì yọ ìyẹ́ kúrò lórí fìlà kó má bàa bàjẹ́.

Àwa tá à ń ṣe ère fẹ́ràn ìwé òfin aṣọ. Ní 1812, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Bardin to òfin aṣọ ẹgbẹ́ ogun Faransé jọ, Carle Vernet sì ya àwòrán sí i. Iṣẹ́ àrà ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bọ́tìnnì mélòó ló yẹ kó wà láyà kóòtù, ibẹ̀ ni kó lọ. Àmọ́ ohun tí ìjọba ní kí wọ́n wọ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí wọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí àwọn tó máa bínú kalẹ̀ nítorí pé bọ́tìnnì kan dín, tí wọn ò sì ní béèrè bóyá ọkùnrin tó wọ kóòtù náà ti jẹun láti àná.

Ayùn lọ́rùn

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́, mo gé orí ọkùnrin náà kúrò lọ́rùn. Mo ti yan aago: nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́, kété kí Napoleon tó rán Ẹ̀ṣọ́ gòkè lọ bá ẹgbẹ́ ogun Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì. Òjò pa ọkùnrin yìí lóru mọ́jú. Látàárọ̀ ló ti wà lẹ́yìn, torí pé ìṣe Napoleon ni láti fi Ẹ̀ṣọ́ pamọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi dójú ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán ni àgbá ti ń dún létí rẹ̀. Ó ti rí àwọn tó fara gbọgbẹ́ tí wọ́n ń wọ́sẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní máa wo iwájú gbọnran.

Mo fi dírìlì ọwọ́ lu ihò tóóró sí ọrùn, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo gbé orí mìíràn tí mo ti mọ shako sí lórí ka wáyà náà. N kò lo súpà gúlù. Bí ìyẹn bá ti mú, ó ti mú nìyẹn. Púútì díẹ̀, ìyẹn amọ̀ àpòpọ̀ tó máa ń le bó bá yá, ni mo fi sáàárín, kí n lè máa yí orí náà bó ṣe wù mí kó tó le. Nígbà tó kọjú síwájú, sójà lásán ni. Mo yí i sọ́tùn-ún díẹ̀, ó di ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Mo tún yí i díẹ̀ sí i, mo tẹ àgbọ̀n rẹ̀ wálẹ̀ pẹ́rẹ́. Ó ń gbọ́ nǹkan.

Kí ló ń gbọ́? Ní aago méje ọjọ́ yẹn, ohun tó ń dún lápá ọ̀tún ẹ̀yìn àwọn ará Faransé ni àgbá àwọn ará Prussia, ìjọba Jámánì tó wà lẹ́yìn Wellington. Wọ́n ti dé, abúlé Plancenoit ti gbóná. Napoleon mọ̀. Síbẹ̀, ó rán àwọn ọ̀gá káàkiri pé kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ ogun pé Grouchy, ọ̀gágun tiwọn, ló ń bọ̀ wá gbè wọ́n lẹ́yìn. Irọ́ ni. Wọ́n pa á fún wọn kí ọkàn wọn lè le, irọ́ yẹn ni wọ́n sì gbé gòkè lọ pẹ̀lú ìbọn.

Nígbà tí èyí sọ sí mi lọ́kàn, mo gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó wà lọ́wọ́ mi ti kúrò ní àpẹẹrẹ aṣọ. Ó ti di ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parọ́ fún. Ṣé ó gbà á gbọ́? Bí ó bá gbà á gbọ́, ojú rẹ̀ á rí bákan. Bí kò bá gbà á gbọ́, á rí bákan mìíràn. Mi ò sì lè sọ pé kò kàn mí, nítorí pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ mọ ojú náà.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbí, àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ, ó sì gbọ́dọ̀ tún ara yòókù ṣe. Orí tó bá yí, ọrùn á dáhùn: iṣan tó ti ẹ̀yìn etí wá sí egungun àyà á yọ. Kọ́là á fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èjìká kan á sọ̀ díẹ̀, okùn àpò ẹ̀yìn tó wà léjìká yẹn á dẹ̀. Ìwúwo ara á bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan, ìdí á yẹ̀. Mo gé e níbàdí náà. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó kù nínú ọkùnrin inú páálí ò ju ìbọn, àpò ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ òsì lọ.

Púútì ò mọ̀ ọ́n dákẹ́

Ẹni tó ń kọ̀wé lè kọ ọ́ pé òjò rọ̀ lóru, àwọn ọmọ ogun sùn nínú ẹrẹ̀, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ẹrẹ̀ náà dé ibo lẹ́sẹ̀ wọn. Ayàwòrán náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ó lè fi èéfín ìbọn bo ohun tí kò dá a lójú, ó lè ya ọkùnrin láti iwájú kó má sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ láéláé. Ẹni tó ń mọ ère ò ní irú ibi ìsápamọ́ bẹ́ẹ̀. Ère ní ẹ̀yìn. Ó ní abẹ́ apá. Ó ní ibi tí bẹ́líìtì ti tẹ kóòtù wọlé. Bí o kò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, wàá ṣì fi nǹkan kan síbẹ̀, ohun tó o bá sì fi síbẹ̀ ni ẹ̀rí tó o jẹ́ nípa ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnu. Ìbọn ayé ìgbà náà, ṣakabùlà ni, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Pépà ni wọ́n fi ń di ẹ̀tù àti ọta pọ̀. Ọmọ ogun á fi eyín ya pépà, á da ẹ̀tù sí ìbọn, á ki ọta bọ̀ ọ́. Bó bá ṣe èyí fún wákàtí kan, ètè rẹ̀ á ti dúdú, òùngbẹ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Àwọn tó gbọ́ṣẹ́ máa ń fi dúdú tín-ín-rín kan igun ẹnu ère nítorí èyí, ó sì máa ń gbé ojú náà yọ dáadáa. Mo ti po àwọ̀ náà sílẹ̀. Mo ti rẹ orí búrọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè aago ló dá mi dúró: ikọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ látàárọ̀ ò tíì ya pépà kankan. Ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní aago mẹ́jọ, ó lè dúdú, bí ó bá ṣì wà láàyè.

Bákan náà ni ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tó gbẹ máa ń mọ́ ju èyí tó tutù lọ, kì í sì í dán. Ọkùnrin tó ti dúró sójú kan láti ọ̀sán, ẹrẹ̀ òru àná á ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, á ti máa bó níbi tí orúnkún ti ń ká. Ṣùgbọ́n abẹ́ bàtà rẹ̀ á ṣì tutù, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ò tíì mu omi tán. Àwọ̀ ẹrẹ̀ méjì lára ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ti púútì fúnra rẹ̀, oníkálukú ló ní èyí tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Milliput máa ń gbà kéèyàn fi omi yọ́ ojú rẹ̀, ó sì ṣe é fi sáǹpépà họ bó bá gbẹ. Green Stuff máa ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Apá kan rẹ̀ jẹ́ búlúù, ìkejì jẹ́ yẹ́lò, ìgbà tí méjèèjì bá di àwọ̀ ewé tí kò ní ilà nínú mọ́ ló tó ṣe é lò. Kóòtù òtútù ni mo fi ṣe. Ìkákò aṣọ ló ń tú àṣírí ẹni tí kò wo aṣọ dáadáa: aṣọ kì í ká níbi tó bá wù ú, ibi tí nǹkan bá ti fà á ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ìgúnpá, abíyá, orúnkún, abẹ́ bẹ́líìtì. Apá kan ni mo máa ń ṣe kí n tó lọ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọ̀tún àti òsì pọ̀ lálẹ́ kan, àtàǹpàkò rẹ̀ náà ló máa tẹ ohun tó ṣe fọ́.

Lẹ́tà Siborne

Kò sẹ́ni tí ìbéèrè aago yìí jẹ lógún tó William Siborne. Ọ̀gá kékeré ni nínú ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1830, wọ́n gbé iṣẹ́ fún un pé kó ṣe ojú ogun Waterloo ní kékeré. Ó lọ gbé ní La Haye Sainte, ilé oko tó wà láàárín ojú ogun náà gan-an, fún oṣù mẹ́jọ, ó ń wọn ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá tó jà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì wà láàyè. Níbo ni ikọ̀ yín wà ní nǹkan bí aago méje ìrọ̀lẹ́? Báwo lẹ ṣe tò? Ọ̀tá wo ló wà níwájú yín? Kí ni wọ́n gbìn sí oko tí ẹ dúró sí?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè oko yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ọba àti ọ̀gágun ò nílò rẹ̀. Ẹni tó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bo ilẹ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọmọ ogun tíntìntín ló máa bèèrè bóyá ọkà ló wà níbẹ̀ tàbí koríko, bóyá ó ga tàbí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìjọba dáwọ́ owó dúró nígbà tó yá, Siborne sì ki ọrùn ara rẹ̀ bọ gbèsè. Ní 1838 ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ogun tó wà lórí rẹ̀ lé ní 70,000. Ó ṣì wà ní National Army Museum níbẹ̀ dòní. Wellington ò fẹ́ràn rẹ̀. Siborne to àwọn ará Prussia sí ibi tí ìwádìí rẹ̀ sọ pé wọ́n wà ní aago méje, wọ́n sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ṣẹ́gun. Nígbẹ̀yìn, ó yọ púpọ̀ nínú wọn kúrò.

Ẹ gbọ́ ná. Napoleon fi àwọn ará Prussia pamọ́ fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ní aago méje ọjọ́ yẹn. Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀ náà ò fẹ́ kí wọ́n hàn níbẹ̀ ní aago méje kan náà. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni kéèyàn máa to ọmọ ogun kékeré sórí tábìlì, kó ro èyí wò.

Àwọn èsì lẹ́tà náà ò ṣègbé. Ọmọ Siborne tẹ díẹ̀ jáde nínú wọn ní 1891, àwọn òpìtàn ò sì tíì yé tọ́ka sí wọn. Lójú tèmi, wọ́n níye lórí ju ère 70,000 náà lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni nítorí ère ni wọ́n ṣe wà. Wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹni tó bá ka àwọn lẹ́tà yẹn á rí i pé àwọn tó fojú rí i pàápàá takora: ẹni méjì tí wọ́n jọ wà nítòsí ara wọn, ohun tí wọ́n sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ò dọ́gba. Siborne ò lè fi èyí hàn lórí tábìlì. Ọmọ ogun kan ò lè wà níbi méjì. Ó ní láti mú ọ̀kan.

Irọ́ tí ọ̀dà ń pa

Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, kò sí ère tí kò purọ́. Aṣọ kóòtù tó nípọn mìlímítà mẹ́ta, bí a bá pín in sí 32, kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Kò sí púútì tí ọwọ́ ènìyàn lè tẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó má ya. A máa ń mú etí kóòtù nípọn jù, a wá fi ilà òjìji dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tan ojú jẹ. Búlúù Ẹ̀ṣọ́ tún burú jù: bó o bá kun àwọ̀ aṣọ náà gan-an sára ère, dúdú ni ojú máa rí i lára nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. A máa ń là á díẹ̀. Irọ́ tó ń jẹ́ kí ojú rí òótọ́ ni, mi ò sì ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí mo ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀ ni ọmọ ogun tó ń dán láti òkè délẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Waterloo, tí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kàn níwájú orí kó lè jọ ẹni tó jagun.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Orí ère 54 mm kò ju mìlímítà méje lọ, ojú kan sì jẹ́ mìlímítà kan ní fífẹ̀. Nínú mìlímítà kan yẹn ni mo ti ní láti sọ bóyá ọkùnrin náà gba irọ́ ọ̀gá rẹ̀ gbọ́.

N kì í lo funfun gidi fún ojú. Awọ ara tí a là gan-an, tí a fi búlúù bín-ín-tín sí, ló máa ń dáa. Ìpéǹpéjú òkè gbọ́dọ̀ bo ẹyinjú díẹ̀. Bí funfun bá yí dúdú ẹyinjú ká lókè àti nísàlẹ̀, ọkùnrin náà á dà bí ẹni tí ẹ̀rù bà, ìyẹn kọ́ sì ni mo ń wá. Mo gbé ẹyinjú méjèèjì lọ sápá ọ̀tún, kí ojú rẹ̀ lè lọ jìnnà ju ibi tí orí rẹ̀ yí sí. Mo mọ ètè rẹ̀ pa dé, àmọ́ mi ò mú un le. Mo gbé irun ojú òsì sókè ní ìwọ̀n tí ojú lásán ò lè rí láìsí awò.

Ìdáhùn tí mo rí nìyí: ó fẹ́ gbà á gbọ́. Ẹni tó gbà á gbọ́ tán ò ní máa fetí sílẹ̀ mọ́, á ti máa hó pé Grouchy dé. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ rárá ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ọkùnrin tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló máa yíjú kó lè gbọ́ ìró àgbá náà dáadáa, bóyá ó jọ tiwọn.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa ẹwà, torí àwọn kan máa ń béèrè bóyá ó bójú mu kéèyàn fi ogun ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń ṣa òkú lójú ogun Waterloo yọ eyín àwọn ọmọ ogun lọ tà fún àwọn tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Eyín tí wọ́n fi ń ya pépà ẹ̀tù. Mo rántí èyí nígbà tí mo ń mọ ètè, bóyá òun ló jẹ́ kí n pa ẹnu rẹ̀ dé. Mi ò ní ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Mo kàn mọ̀ pé ère tó ń wo iwájú gbọnran kò bi mí ní ìbéèrè kankan, èyí sì bi mí.

Ará Prussia ló kàn. Èèyàn Landwehr ni, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n kó wọṣẹ́ ogun, nínú ẹgbẹ́ ogun Bülow, ọ̀gágun Prussia, àwọn tí Napoleon ní Grouchy ni, tí Siborne sì yọ kúrò lórí tábìlì. Láti apá Wavre ni wọ́n ti gba ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ wá, ọ̀sán ti ń lọ sópin kí wọ́n tó wọ ìjà. Mo ti tẹ wáyà egungun rẹ̀: orúnkún kan ká, ara rẹ̀ tẹ̀ síwájú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yan aago kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lẹ́bàá Plancenoit. Ẹrẹ̀ tirẹ̀ á ṣì tutù, á sì gùn ún dé itan, ẹnu rẹ̀ á sì dúdú. Àwọ̀ tí mo pò lọ́jọ́sí ṣì wà nílẹ̀.